Olójú Méjì Ojú Fèrèsé

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà, àbíkẹ́yìn mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé ọ létí? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ń kí ọ, ọmọ rẹ̀ tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ń kí ọ, ọkùnrin tó ń tún aago ṣe nísàlẹ̀ ilé wa náà ní kí n kí ọ, ó ní... Ẹ̀ẹ́n, kí ni mo tiẹ̀ ń kí ọ fún? Irú ìyà wo lo dì sínú àpótí ránṣẹ́ sí mi yẹn?

Ọkùnrin méjì ló gbé e gun àtẹ̀gùn. Méjì! Ọ̀kan jókòó sáàárín àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ṣé òkúta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí màmá yìí ni. Èmi ti ń yọ̀ ní tèmi. Mo rò pé maṣíìnì ìránṣọ ni, mo ti sọ fún gbogbo ará ilé pé ọmọ mi ra maṣíìnì tuntun fún mi. Ìgbà tí a tú u, irin ni. Irin tó ní ojú méjì, ojú náà fẹ̀ bí ẹnu kọ́ọ̀bù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ibi tí iyanrìn ti bó, ó dà bí eérú.

Ọkùnrin aago ní nǹkan àwọn ṣọ́jà Jámánì àtijọ́ ni. Ó ní òun rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé, pé òun ni wọ́n fi ń wá ọkọ̀ òfúrufú lójú ọ̀run nígbà ogun, kí wọ́n tó yìnbọn sí i. Ọkàn mi fò. Ṣé o ti di ṣọ́jà ni? Dá mi lóhùn. Èmi ò tọ́ ọ kí o lọ máa bá àwọn èèyàn jagun.

Nínú lẹ́tà mi tó kọjá, kí ni mo sọ? Akọ̀wé, ìwọ lo kọ ọ́, kí ni mo sọ? Ó ní mo sọ pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ń wù mí í rí. Ẹ̀ẹ́n! Ìyẹn ni mo sọ. Ó ti pé ọdún méjì tí omi ti gbé afárá lọ, bẹ́ẹ̀ èèyàn máa jókòó sínú ọkọ̀ fún ààbọ̀ ọjọ́ kó tó yí odò po dé ọ̀dọ̀ wọn, orúnkún mi ò sì gbà. Ilé wọn nìyẹn lórí òkè òdìkejì, tí mò ń wò láràárọ̀, kékeré bí páálí ìṣáná. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé, tó tún jẹ́ ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ télọ̀. Mo ní ojú wọn ń wù mí. Ṣé mo ní irin ń wù mí ni?

A ṣáà gbé e lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta. Ibi tí èèyàn ń fojú sí ò tiẹ̀ kọjú sí èèyàn, òkè ló kọjú sí. Mo tẹrí ba bí ẹni tó ń wo inú kànga. Gbogbo nǹkan di méjì-méjì. Òkè méjì, òpó iná méjì, ewúrẹ́ kan di méjì. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo fi aṣọ bò ó. Ó wà ní igun yàrá báyìí bí àlejò tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Fèsì kíá. Bí o bá sì ti di ṣọ́jà, má purọ́ fún mi.

Èmi ni, ìyá rẹ.

(Ẹ̀yin àbúrò màmá mi, èmi Akọ̀wé ni mo fi èyí kún un. Màmá ò mọ̀. Èmi rò pé nǹkan yẹn rẹwà.)


Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú làálàá àpótí. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kí Akọ̀wé.

N ò di ṣọ́jà o. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú ni mo ṣì wà, nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ gíláàsì, látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú aṣọ funfun tó máa ń di aláwọ̀ eérú kí n tó bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n ò sọ fún yín rí, torí mo rò pé ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kó awò ọ̀nà jíjìn àwọn ṣọ́jà Jámánì àtijọ́ jọ. Mẹ́ta ni mo ní. Ọ̀kan dà bí etí ehoro, etí rẹ̀ méjèèjì máa ń yọ sókè kọjá ògiri, kí ẹni tó ń wò lè bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ògiri láì yọ orí.

Ọjọ́ Sátidé, àwọn èèyàn ibí máa ń tẹ́ ẹrù àtijọ́ sí etí títì: síbí, fìtílà, bàtà ẹni tó ti kú. Abẹ́ tábìlì kan ni mo ti rí àkọ́kọ́. Ebu ti hù sínú gíláàsì rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Mo tú u palẹ̀ lórí tábìlì tí mo ti ń jẹun, mo sì fi oṣù mẹ́rin jẹun lórí orúnkún mi. Gíláàsì onígun kan wà nínú ikùn rẹ̀, òun ló ń yí ìmọ́lẹ̀ po kó tó dé ojú wa. Mo ń nù ún, mo ń di èémí mi mú bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Ìyá mi, mi ò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tó dà bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sára rẹ̀. Lẹ́tà kékeré mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi dípò, kí ọ̀tá má bàa mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Mo máa ń fi ìka tọ́ lẹ́tà mẹ́ta yẹn, mo máa ń ronú nípa ẹni tó jókòó bíi tèmi níwájú ẹ̀rọ, tó lọ gíláàsì yẹn títí tó fi dán, tí wọn ò jẹ́ kó fi orúkọ sí i.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ bàbá arúgbó kan ni mo ti gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ojú sí i nígbà ogun. Wọ́n gbé e gun orí òrùlé ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n ní kó máa wá ọkọ̀ òfúrufú. Mo bi í pé kí ló rí. Ó wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹyẹ lòun ń rí, ẹyẹ ńláńlá tó ń ṣí lọ síbi tó móoru, lọ́wọ̀ọ́-lọ́wọ̀ọ́. Ó ní òun máa ń rí ọrùn wọn, òun máa ń rí ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n nà sẹ́yìn, òun á sì máa sunkún lórí òrùlé, torí pé àwọn ẹyẹ yẹn ò mọ̀ pé ogun wà. Ó ní kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi wo ohun rere. Nígbà tí ẹ kọ̀wé pé ojú Màmá Àgbà ń wù yín í rí, òun ni mo dì sínú àpótí. Òun ló dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Méjì-méjì tí ẹ rí yẹn, ó ti gbá nǹkan lójú ọ̀nà ni, ojú rẹ̀ méjèèjì ò fẹnu kò mọ́. Ẹ bẹ ọkùnrin aago. Òrùka kan wà lẹ́nu ojú òsì, ìdè kékeré mẹ́ta ló dì í mú. Kó tú ìdè náà díẹ̀, kó máa yí òrùka yẹn wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, kó máa wo òpó iná òdìkejì títí òpó méjèèjì á fi di ọ̀kan. Kó má fi agbára ṣe é o. Lẹ́yìn náà kí ẹ di ojú kan, kí ẹ yí ti èkejì títí á fi mọ́. Kí ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí oòrùn láé. Láéláé! Á jó ojú yín kí ẹ tó ké.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Ṣé o ti jókòó?

Ọkùnrin aago wá. Ó fi awò kékeré rẹ̀ há ojú, ó ń yí òrùka yẹn bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Látàárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí ni. Òpó iná méjì ń súnmọ́ra, wọ́n ń súnmọ́ra, bíi tọkọtaya tó ń parí ìjà, kí wọ́n tó wọnú ara wọn pẹ́kẹ́. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn, ṣe ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Màmá, ẹ wá. Ẹ wá o."

Mo tẹrí ba. Háà. Háà! Akọ̀wé, kọ háà náà sílẹ̀, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Òkè òdìkejì wá bá mi nínú yàrá. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí ewé igi tó ń gbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ẹyẹ tó ń fi oúnjẹ sẹ́nu ọmọ rẹ̀, mo rí ẹnu ọmọ náà bó ṣe pupa tó. Mo rí obìnrin kan tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ mi, ìjà tí kò ní ariwo, bí ijó ló rí. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń gbé nínú yàrá yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ayé yẹn ń lọ lójú fèrèsé mi, n ò mọ̀.

Mo wá yí i díẹ̀ sápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó.

Wọ́n jókòó sí fáráǹdà wọn, lórí àga. Aṣọ aláwọ̀ aró tí mo rán fún wọn ló wà lọ́rùn wọn, mo mọ ọrùn aṣọ yẹn, ọwọ́ mi ló gé e. Wọ́n ti fún. Irun wọn ti funfun láìku ẹyọ kan. Wọ́n ń mi ẹsẹ̀ kan bí wọ́n ṣe máa ń mì ín nídìí maṣíìnì nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ mi, mo na ọwọ́ mi. Mo na ọwọ́ kí n fi kan wọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́, ọwọ́ mi sì kan irin tútù.

Ó dáa. Gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e.

Ṣé èèyàn lè rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó má kí i ni? Mo kúnlẹ̀. Pẹ̀lú orúnkún yìí o! Mo ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n mi." Akọ̀wé ló fà mí dìde. Mo tún fojú sí i. Wọ́n kọjú sí mi gbagidi, ojú kan ojú. Wọn ò dáhùn. Wọn ò mi orí. Wọ́n kàn gbójú kúrò bí ẹni tó rí ògiri.

Mo ní bóyá wọn ò fọkàn sí i. Lọ́jọ́ kejì mo mú aṣọ pupa jáde sí fáráǹdà, mò ń jù ú bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Mo sáré wọlé wá wò wọ́n. Wọ́n tún wò mí! Wọ́n wá bu omi, wọ́n sì da omi yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó ń ṣàn lórí tábìlì, wọ́n ṣe bí ẹni pé wọn ò rí i. Ìbínú ni! Nítorí pé n ò wá láti ọdún méjì. Ṣé èmi ni mo wó afárá ni? Lọ́jọ́ kẹta, kí wọ́n má bàa wo apá ọ̀dọ̀ mi, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ń fọwọ́ pa á lọ wọlé bí ẹni tó ń pọ́n ọn lé.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ búrẹ́dì sí wọn. Mo ní kó sọ pé mo rí gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí mi. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́? Wọ́n ní àbúrò àwọn ti ń ṣarán! Ó tán. Láti òní lọ n ò pè é ní "wọ́n" mọ́. "Ó" ni. Akọ̀wé, má wò mí bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀: "ó."

Irin rẹ dáa. Irin rẹ yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ti fi ohun tí n ò bá má rí hàn mí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìbínú o. Ẹ dákun, ẹ dá "wọ́n" padà fún Màmá Àgbà. Wọn ò rí yín. Ẹni tó bá fojú sí awò yẹn nìkan ló ń ríran. Àwa ń rò pé tí ojú wa bá ti kan ojú ẹnì kan, ojú tirẹ̀ ti kan tiwa. Irin yìí ti tú ìyẹn ká. Ní tiwọn, òkè kan lásán ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú àwọn ilé tó dà bí páálí ìṣáná.

Mo rẹ́rìn-ín títí lórí aṣọ pupa yẹn. Mo ń kà á fún ẹni tí a jọ ń lọ gíláàsì. Mo wá dé ibi omi, ẹ̀rín mi sì dúró.

Ìyá mi, àwọn àgbà tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, mo ti rí àwọn tó ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Mo ti rí àwọn tó ń fọwọ́ pa ògiri lọ. Ìbínú kọ́ ni. Nǹkan funfun kan máa ń bo ẹyin ojú àgbà, dókítà ojú lè yọ ọ́, èèyàn á sì ríran padà. Ṣùgbọ́n àìsàn ojú mìíràn wà tí kì í kígbe, tí kì í dunni, tó kàn máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tó bá ti jẹ, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà. N ò lè fi lẹ́tà mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa fún mi. Tó bá jẹ́ bí mo ṣe rò ó, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

N ò kí ọ lónìí, má bínú. Akọ̀wé ń sunkún sórí bébà, tí ọ̀rọ̀ kan bá ràn, ohun tó fà á nìyẹn.

Mo wo ọwọ́ wọn. Àárọ̀ mẹ́rin ni mo fi wò ó. Ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe, ó ti máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sẹ́ni tó ń rí wọn látàárọ̀ àfi èmi.

Lánàá wọ́n gbé aṣọ kan sórí ẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọn gòkè, ti òsì dúró. Abẹ́rẹ́ kò ṣeé rí láti ibí, pẹ̀lú irin rẹ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo ti lè rí ọwọ́ ẹni tó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ tí n ò ní mọ̀ ọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi. Òwú náà lọ, kò wọlé. Wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n fi itọ́ lọ́ ọ, ó tún lọ, kò wọlé. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, ọmọ mi. Ọ̀gá tó máa ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láì wò ó, tó ń bá oníbàárà tàkúrọ̀sọ lọ! Lẹ́ẹ̀kejìlá wọ́n kó aṣọ náà jọ, wọ́n tẹ́ ẹ lórí itan, wọ́n sì ń fi ọwọ́ tí kò mú nǹkan kan ṣe bí ẹni tó ń rán aṣọ. Nítorí àwọn tó ń kọjá lójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn náà, wọ́n ń kí wọn, ọwọ́ wọn ń lọ, ń bọ̀.

Mo gbé ojú mi kúrò. Ojú tì mí bí ẹni tó já wọ yàrá ìwẹ̀ àgbà.

Mo ti pè wọ́n ní "ó." Èmi!

Báyìí, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo jókòó sínú ilé mi, mò ń ṣọ́ wọn bí olè? Wọ́n lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí. O mọ̀ wọ́n, olóríkunkun ni wọ́n, ọ̀rọ̀ kan lè wà lọ́kàn wọn fún ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n o ní àìsàn yẹn ń jẹun lọ. Bí mo bá dákẹ́, èmi ni mo jókòó tì í, mò ń wò ó, títí tó fi jẹ ojú wọn tán.

N ò dúró de èsì rẹ. Lẹ́tà ń rìn bí ìgbín. Lọ́la ni mò ń bá ọkọ̀ búrẹ́dì lọ. Akọ̀wé máa fi aṣọ di orúnkún mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrìn o. Mo ń retí lẹ́tà yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé ẹ dé láyọ̀? Ṣé orúnkún gbà? Kí ni Màmá Àgbà sọ?

Tí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kí Akọ̀wé kọ gbogbo ohun tó sọ, láì fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù karùn-ún

Ìyá mi, Akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nǹkan. Kó jẹ́ gbólóhùn kan. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo máa ń gbé awò etí ehoro lọ sí èbúté, mo máa ń wo àwọn ọkọ̀ ojú omi, mo máa ń rí bí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ṣe ń fá irùngbọ̀n. Mo gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí. Mo kàn gbé e kalẹ̀ ni. N ò lè fojú sí i. Mo rí ohun tó jìnnà tó báyẹn, n ò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìyá mi.

Ṣé èmi ni mo fi irin yẹn da àárín ẹ̀yin méjèèjì rú?


Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà

Ọmọ mi, àtàtà ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Dákun, forí jì mí. Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń sùn? Mo gba lẹ́tà rẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí mi ò sí nílé, Akọ̀wé náà ò sí nílé. A ti ní ohun tí a fẹ́ sọ báyìí. Fara balẹ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú òórùn búrẹ́dì lára mi látorí dé àtàǹpàkò. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò ju kí n na ọwọ́ kí n kàn wọ́n. Wọ́n wò mí, ojú kan ojú, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n ní, "Ṣebí mo mọ̀. Mo kàn ń bá ọ ṣeré ni."

Wọn ò mọ̀.

Mo kúnlẹ̀, wọ́n dì mọ́ mi, a sunkún, a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ń kọ́?" Wọ́n ní ojú àwọn kò ṣe nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fún mi." Wọ́n ní, "Ta ló rán ọ wá?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, mo rí yín ni. "Láti ibo?" Láti ilé mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wá ṣàlàyé irin náà fún wọn, ẹ̀rín sì kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìwọ? Àbúrò mi tí mo kọ́ níṣẹ́? Ìwọ ń ṣọ́ mi?"

Mo ní, "Mo kí yín o. Lójoojúmọ́ ni mo ń kí yín."

Wọ́n ní, "Jáde kúrò níwájú mi."

N ò jáde. Níbo ni mo fẹ́ lọ pẹ̀lú orúnkún yìí? Ọjọ́ méjì, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ wọn ń wo èmi, ń wo wọ́n, kò mọ ẹni tó máa gbè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn lórí fáráǹdà yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, láì kọjú sí mi, wọ́n ní, "Kí ni o ń rí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ aṣọ aláwọ̀ aró, mo sọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń mì. Mo sọ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbé gèlè wọn lọ tí wọ́n ń fọwọ́ wá a kiri ilẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Mo sọ omi. Mo sọ ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Wọ́n wá ní, "Gbogbo àárọ̀ yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni mo jókòó síbí."

Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ òtítọ́. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n ti ń fi bò. Wọ́n ní bí ọmọ àwọn bá mọ̀, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á wá máa fà wọ́n lọ́wọ́ kiri. Wọ́n ní, "Télọ̀ tí kò ríran, kí ni wọ́n ń pè é?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń pè é."

A lọ. Dókítà ojú jẹ́ obìnrin kékeré kan báyìí, ó fi iná wò wọ́n, ó pẹ́ gan-an. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ. Àìsàn tí o sọ yẹn náà ni, èyí tí kì í kígbe. Ó ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ti òsì, nǹkan funfun sì tún wà lórí òsì ọ̀hún. Ó ní, "Ta ló mú ìyá yìí wá? Bó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, òkùnkùn pátápátá ni." Ó yọ nǹkan funfun yẹn. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ayé, kí èyí tó kù má bàa lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, èmi ni mo dúró síwájú. Wọ́n ṣẹ́jú. Wọ́n tún ṣẹ́jú. Wọ́n ní, "Yéè, o mà ti darúgbó!" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn o! Mo ní ẹ̀yin náà ń kọ́, ẹ ti rí dígí? Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó.

Ọ̀dọ̀ wa ni a mú wọn wá kí ojú náà lè jinná. Wọ́n ní kí n mú wọn dé ìdí irin rẹ, Olójú Méjì bí a ṣe ń pè é. Mo ní ṣé kò ní dùn yín? Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó mú àwọn lólè. Wọ́n fi ojú òsì sí i. Mo rò pé ọjà ni wọ́n máa wò, tàbí igi, tàbí ẹyẹ. Wọ́n ní kí Akọ̀wé yí i sí ilé àwọn.

Ọmọ mi, wọn ò mí. Àga wọn wà ní fáráǹdà. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Aṣọ ìnuwọ́ kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè, ń gbé sílẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, omi ń bọ́ láti ojú méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran. Wọ́n ní, "Ṣé bí ibẹ̀ ṣe dá nìyẹn? Ṣé ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, èmi nìkan?"

Wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n ní, "N ò padà síbẹ̀."

Ó parí. Ọmọ wọn ti ń fi ọkọ̀ búrẹ́dì kó ẹrù wọn bọ̀ ní ìdákúrekú, òun náà á máa wá lọ́jọ́ ìsinmi. Bẹ́ẹ̀dì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n ń han-nrun o! Ìyẹn, irin rẹ ò sọ fún mi.

Nítorí náà, má tún bi mí pé bóyá o da àárín wa rú. Ohun tí o fi ránṣẹ́ yìí tóbi ju ohun tí mo lè fẹnu sọ. Ní àràárọ̀ tí mo bá tẹrí ba sí i, ó ṣì ń ṣe mí bí ọjọ́ àkọ́kọ́, àyà mi á já, ara mi á bù máṣọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n ní o wà. Akọ̀wé ló ṣe é fún mi, ó fi máàpù wá ibẹ̀. Mo wò, mo wò. Òkè ni, lẹ́yìn òkè, òfúrufú ni, lẹ́yìn òfúrufú, n ò rí nǹkan kan mọ́. Ìwọ ta ló ń rí ọ níbẹ̀? Ìwọ tí ò ń jẹun lórí orúnkún, ta ló mọ̀ bí ìwọ náà bá ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife? Má kọ̀wé sí mi pé ara le. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ara le, ẹ̀gbọ́n mi náà sọ ọ́. Wá sílé kí n fi ojú ara mi rí ọ. Bí ìyẹn bá máa pẹ́, kọ ọ́ fún mi bí o ṣe ń jókòó. Kọ ọ́ bí ẹni tí mò ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ń kí ọ. Ọkùnrin aago ń kí ọ.

Ó tó. Akọ̀wé, kà á padà fún mi, kà á sókè, má sáré. Gbogbo rẹ̀ ni kí o kà, àtèyí tí a kọ lóṣù kẹrin tí o dà kọ pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ibi tí mo ti pè wọ́n ní olóríkunkun nínú ìyẹn, fò ó, wọ́n jókòó tì wá níbí. Kí ni wọ́n wí? Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.